Òkè Kan Lára Ògiri Ìsàlẹ̀ Gángan

Òwúrọ̀ tí mo kọ́kọ́ jí sí Èkó, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti wo òkè, mi ò rí òkè. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ti ń ṣe láti kékeré nìyẹn: bí mo bá jí, kí n tó bu omi bọ́jú, màá kọ́kọ́ gbójú sókè wo òkè abúlé wa bóyá ìkúukùu wà lórí rẹ̀, torí òun ló ń sọ fún wa bóyá oko yóò ṣeé lọ lọ́jọ́ náà. Ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ògiri ni mo bá pàdé. Ògiri gíga kan tó fẹ̀, tí kò ní fèrèsé kankan, ẹ̀gbẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá Àlájà kọ́. Ọ̀dà funfun ara rẹ̀ ti ṣí, ó rí jákujàku.

Àlájà ló ni ilé. Orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́, ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ojú lára gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Yàrá kékeré ẹ̀yìnkùlé ni mo háyà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Kí lo ń wá lójú ọ̀run láàárọ̀ kùtù yìí?"

"Òkè ni mo ń wò, mà."

"Òkè wo?"

"Òkè abúlé wa, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ará òkè! Ṣé o fẹ́ di òkè mọ́ ẹrù wá s'Ékòó ni? Àwa níbí, omi la ní. Tó o bá fẹ́ wo nǹkan, lọ wo ọ̀sà."

Mo lọ wo ọ̀sà lóòótọ́. Omi náà pọ̀, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í dúró sójú kan. Èmi ò sì mọ bí èèyàn ṣe ń fi ọkàn ti ohun tí kì í dúró. Mo wò ó fúngbà díẹ̀, mo padà sílé.

Ìgbà yẹn, kò tíì pẹ́ tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò fi apá òsì sílẹ̀ kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Àwọn tó ti pẹ́ l'Ékòó pàápàá ń wo ibi tí kò yẹ kí wọ́n wò kí wọ́n tó sọdá títì, áńbọ̀sì èmi. Bí mo bá dé Apọ́ngbọ̀n láàárọ̀, màá dúró, màá wo òsì, màá wo ọ̀tún, màá tún padà wo òsì, àwọn aláàárù á máa bú mi lẹ́yìn. Ìlú tí èèyàn kò ti mọ ibi tí ewu ti ń bọ̀, kò sí bí kò ṣe ní máa sá kiri.

Ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà kan ní Apọ́ngbọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọ̀gá mi, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo, àyàfi bí ẹnìkan bá ní kó dín iye ọjà kù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi igi ro ọ̀dà tó bá ti sùn sí ìsàlẹ̀ agolo, kí n máa bù ú fún àwọn tó ń ra díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà á bọ́ sí mi léèékánná, kẹrosíìnì ni mo sì fi ń bó o kí n tó ṣe àlùwàlá. Bí mo bá ń kírun, òórùn kẹrosíìnì ni mò ń gbọ́. Mo máa ń bẹ Ọlọ́run kó má bínú.

Iṣẹ́ ọ̀hún kọ́ ló ń pa mí. Ohun tó ń pa mí ni pé kò sẹ́ni tó ń béèrè ìyá mi. Lábúlé wa, bí o bá kí èèyàn kan, á béèrè ilé, á béèrè oko, á béèrè ìyá, kó tó jẹ́ kí o kọjá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà kan ní Apọ́ngbọ̀n, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí mi kọjá, ìyá náà pàápàá ní, "Dìde jàre, o dínà." Mo dìde. Láti ọjọ́ náà, orí nìkan ni mò ń tẹ̀.

Kò sí tẹlifóònù lábúlé wa, ṣùgbọ́n àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní pósófíìsì ní Abẹ́òkúta. Bí mo bá fẹ́ gbóhùn ìyá mi, màá ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀ kan tó ń na ọ̀nà wa, ìyá mi á sì wá sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ ọjà, á jókòó dè mí. Èmi náà á lọ tò sí ìlà ní pósófíìsì ńlá ní Màrínà. Nígbà tí wọ́n bá fi so wá pọ̀, igbe ni ìyá mi máa ń ké, torí ó gbà pé bí ibi tí èèyàn wà bá ṣe jìnnà tó ni ohùn ṣe gbọ́dọ̀ le tó.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Ìyá mi. Ṣé kò rẹ̀ yín?"

"Ó rẹ̀ mí. Àwọn kan ti dé sí ìdí òkè. Wọ́n ń yìnbọn sí i."

"Ìbọn kẹ̀?"

"Ohun tó ń dún bí ìbọn ni. Wọ́n á gbẹ́ ihò sí i lára, wọ́n á ki nǹkan bọ̀ ọ́, wọ́n á ní ká sá. Tó bá dún, á wó. Wọ́n ní títì àti afárá ni wọ́n fẹ́ fi òkúta rẹ̀ ṣe."

"Ta ló gbà fún wọn?"

"Ta ló bi wá?"

Kí n tó sọ ohun mìíràn, ohùn já. Mo dúró níbẹ̀, mo di irin tẹlifóònù tútù náà mọ́ etí, títí ẹni tó tò lẹ́yìn mi fi fọwọ́ kàn mí léjìká.

Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ń bá ìjọba du òkúta?" Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn ń sọ bó ṣe rí ni. Mo padà sídìí agolo, mo ń ro ọ̀dà. Bí èèyàn kan bá ń ṣàìsàn nílé, èèyàn á fi oògùn ránṣẹ́. Bí ilé bá ń jò, èèyàn á fi páànù ránṣẹ́. Kí ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òkè?

Ọdún náà ni ọmọ Àlájà lọ sí Mẹ́kà. Bí ẹni tó lọ sí Mẹ́kà bá sì ń bọ̀, ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kó tó dé. Àlájà pè mí, ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àárín ọ̀dà ni mò ń gbé, kí n bá òun wá kunlékunlé kan tí yóò kun ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó.

"Èmi ni màá kùn ún, mà. Ẹ jẹ́ kí n ya òkè wa sí i."

Ó wò mí títí. Àṣé kò gbàgbé òkè àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní yẹn. Ó ní, "Ibi tí mo ti ń kírun nìyí o. Má ya ohunkóhun tó lójú síbẹ̀, kí màlékà lè rí ọ̀nà wọlé."

"Òkè ò lójú, mà."

"Ó dáa. Bẹ̀rẹ̀."

Kí n sọ bí a ṣe ń kun ògiri lọ́dọ̀ tiwa. Iṣẹ́ obìnrin ni. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, gbogbo obìnrin agbo ilé á po amọ̀ pupa, èédú àti ẹfun, wọ́n á fi omi tí wọ́n fi se èèpo irúgbá pò ó kó lè le mọ́ ògiri. Ẹnìkan kì í dá a kùn. Ẹni tó mọ ejò yà á ya ejò, ẹni tó mọ ẹyẹ á ya ẹyẹ, àwọn tí kò mọ nǹkan kan yóò máa kọrin, wọ́n á máa ṣàríwísí. Bó bá parí, obìnrin tó dàgbà jù nílé á fi ìka tẹ ẹfun sí i. Bí kò bá tíì tẹ̀ ẹ́, ògiri kò tíì tán. Òjò ọdún tó ń bọ̀ á wẹ gbogbo rẹ̀ dànù, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sunkún nítorí rẹ̀, torí àwọn obìnrin ṣì wà níbẹ̀, òkè tí wọ́n ti ń bu amọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.

Èmi nìkan ni mo dúró níwájú ògiri Àlájà. Mo rí amọ̀, mo rí èédú, mi ò rí èèpo irúgbá. Mo bá fi sítáàṣì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ pò ó. Ó mú dáadáa, inú mi dùn. Ẹsẹ̀ òkè ni mo kọ́kọ́ kùn, mo lọ sùn. Mo gbàgbé pé àgbò Iléyá ti wà lórí ìso lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo máa jí, àwọn àgbò ti lá ẹsẹ̀ òkè mi tán, irùngbọ̀n wọn pọ́n fòò. Àlájà ní ohun tí ojú òun rí kọjá ẹ̀rín. Ó ní òun ò tíì rí àgbò tó jẹ òkè yó rí.

Ọ̀gá mi ló gbà mí. Ó fún mi ní àwọn agolo ọ̀dà tó ti tẹ̀ tí oníbàárà kì í fẹ́ rà. Mo yá àkàbà. Mo rẹ okùn sínú èédú lílọ̀, mo nà án, mo ta á mọ́ ògiri, mo sì fi ìlà náà mọ ibi tí ilẹ̀ yóò wà. Lẹ́yìn náà ni mo fi èédú fa ẹ̀yìn òkè náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ara mi mọ̀ ọ́n. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, màá gun àkàbà títí ilẹ̀ yóò fi máa ṣú. Mo ya ipa ibi tí omi òjò máa ń gbà ṣàn lára àpáta. Mo ya igi ọ̀dán tó hù láàárín òkúta méjì. Ní apá òsì, mo ya ẹnu ihò tí àwọn ìyá ńlá wa sá sí nígbà ogun.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kọ̀. Mo po dúdú mọ́ funfun, ó jọ eérú. Mo fi pupa díẹ̀ kún un, ó jọ ara ẹran. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ dúró lẹ́bàá kànga, mo wò ó, mo rí i pé erin tó sùn ni mo yà.

Àlájà ní, "Mo ṣáà sọ pé má ya ohun tó lójú."

"Kò lójú, mà."

"Ó di ojú ni. Ó kù díẹ̀ kó là á."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ yàrá, mo sunkún. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé bóyá ni mi ò ti ń gbàgbé rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an, mò ń bọ̀ ní Apọ́ngbọ̀n, ọkọ̀ tipa kan dé síbi tí wọ́n ti ń ṣe títì, ó da òkúta sílẹ̀. Eruku rẹ̀ tú sókè. Nígbà tó rọlẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ bọ́ sórí òkúta náà, mo sì dúró. Àwọ̀ eérú ni, ó ní ìlà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, ó sì ń dán wínníwínní bí ìgbà tí èèyàn da iyọ̀ sí i. Mi ò wo òsì, mi ò wo ọ̀tún, mo kàn sọdá ni. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo gbé ọ̀kan.

Awakọ̀ yọrí síta. "Madam, comot for there! Wetin you dey find for inside stone?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti kó o wá?"

Ó rí i pé mi ò ya wèrè, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọ̀nà Abẹ́òkúta ni. Ó kọjá Abẹ́òkúta díẹ̀. Òkè kan báyìí ni wọ́n ń fọ́."

Mo di òkúta náà sínú gèlè mi. Ó wúwo, ó sì gbóná. Nígbà tí mo délé, mo fọ́ ọ, mo lọ̀ ọ́ kúnná lórí ọlọ, mo dà á sínú ọ̀dà, mo rò ó. Mo gun àkàbà, mo fi kan ògiri. Òun ni. Àwọ̀ rẹ̀ gan-an ni. Mo kùn ún títí ojú ò fi ríran mọ́, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò mọ̀ bóyá ayọ̀ ni tàbí ìbànújẹ́. Òkè wa ti bá mi dé Èkó lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kó tó dé.

Ọmọ Àlájà dé láti Mẹ́kà. Àwọn tó wá kí i ń ya ẹ̀yìnkùlé láti wá wo òkè, wọ́n ń fọwọ́ kàn án, wọ́n ń béèrè ẹni tó yà á. Àlájà á nawọ́ sí mi, á ní, "Ará òkè mi nìyẹn." Ó ní kí wọ́n yí àga òun padà kó kọjú sí ògiri. Ó ní orúnkún òun ò lè gun òkè mọ́, òkè ló wá bá òun nílé. Ọjọ́ náà nìkan ni mo lè sọ pé mo rìn l'Ékòó bí ẹni tó níbì kan tó ń lọ.

Àmọ́ ògiri náà kò tíì tán, torí kò sí ìka ìyá mi lára rẹ̀. Ìparí rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, mo fi sílẹ̀ ní funfun, torí ọ̀dà tán.

Nígbà tí mo tún gbóhùn ìyá mi, kò ké mọ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.

"Ihò ńkọ́, Ìyá mi?"

"Ihò ti lọ. Ògiri wa ti sán. Wọ́n ní kí gbogbo wa kó kúrò nídìí òkè. Òkè wo ni mo tún ń wí? Ọ̀fìn ni."

"Ẹ wá s'Ékòó. Ẹ wá wo ohun tí mo yà."

Láyé, ìyá mi kò fẹ́ràn Èkó. Ṣùgbọ́n ó wá. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Mo mú un wọ ẹ̀yìnkùlé, Àlájà kí i, ó kí Àlájà, wọ́n kí ara wọn tán pátápátá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé, inú mi sì dùn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ògiri. Ó wò ó pẹ́. Ó lọ sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ pa á.

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Àwọn ọ̀bọ orí òkè ńkọ́?"

"Àlájà ní kí n má ya ohun tó lójú."

"Ó dáa. Ihò ńkọ́?"

"Òun nìyẹn, ní apá òsì."

"Apá ọ̀tún ló wà."

"Òsì ni, Ìyá mi."

"Ọ̀tún ni. Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Àlájà bú sẹ́rìn-ín. "Bóyá ìjọba ló ní kí òun náà máa gba apá ọ̀tún."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ìyá mi. Ó ń wo ògiri náà, mo sì rí i tí ọ̀rọ̀ náà yé e díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé bàbá rẹ, iwájú òkè lẹ ń gbé. Ẹ̀yìn òkè ni wọ́n ti gbé mi níyàwó wá. Ihò náà la òkè já. Láti ilé bàbá tèmi, ọ̀tún ló wà." Ó tún ní, "Iwájú lo yà. Ya ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi."

Mi ò dé ẹ̀yìn òkè náà rí. Kí n tó dáyé ni àwọn ará ibẹ̀ ti tú ká, igbó ló wà níbẹ̀. Mo máa ń sọ pé lọ́jọ́ kan, màá lọ wò ó. Ta ló sì ń kánjú lọ wo òkè? Òkè kì í ṣí lọ.

Mo mú èédú. Mo ní kó máa sọ fún mi. Ó ní àpáta kékeré mẹ́ta jókòó sórí ara wọn níbẹ̀. Mo yà á. Ó ní kì í ṣe báyẹn. Mo pa á rẹ́. Ó ní ìsun omi kan wà tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ìdí rẹ̀ làwọn ọmọdébìnrin ti ń wẹ̀. Mo yà á. Ó mi orí. Ó ní igi àràbà kan fẹ̀yìn ti àpáta. Mo béèrè pé lápá ibo. Ó nawọ́, ó ká ọwọ́ kò, ó tún nà án síbòmíràn. Mo yà á, mo pa á rẹ́, mo yà á, mo pa á rẹ́, títí ìparí ògiri náà fi dúdú. Bí mo bá ní kó mú mi lọ wò ó, ibo ni a ó lọ? Abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn èrò Apọ́ngbọ̀n ni àpáta náà wà.

Ìyá mi ní, "Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Kò jọ ọ́."

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ẹfun tó dì síbẹ̀ láti ilé, ó fi itọ́ rin ín nínú àtẹ́lẹwọ́. Mo rò pé orí òkè tí mo yà ni yóò tẹ̀ ẹ́ sí. Ó kọjá lára rẹ̀. Ó lọ sí ibi tó dúdú yẹn, ó wá ibì kan fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìlẹ̀kùn nínú òkùnkùn, ó sì tẹ ìka mẹ́ta mọ́ ọn.

"Ibí ni ilé wa wà," ló wí.

Ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Abẹ́òkúta, torí wọ́n ti kó kúrò nídìí òkè. Ibẹ̀ ló kú sí, kí ọdún tó yípo. Èmi ṣì wà l'Ékòó, ọ̀rọ̀ àwọn ará ibí ti wọ̀ mí lẹ́nu, mi ò sì wo òsì wo ọ̀tún mọ́ kí n tó sọdá. Atẹ́gùn ọ̀sà níyọ̀, ó ń jẹ ògiri. Lọ́dọọdún ni òkè mi ń ṣí, lọ́dọọdún ni mo sì ń gun àkàbà lọ tún un kùn, kò sì nira, torí mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹfun ìyá mi ń parẹ́. Ìka kan ti lọ, èkejì ń lọ. Àlájà ní kí n ṣáà tẹ ìka tèmi sí i, pé ọwọ́ mi àti tìyá mi kò yàtọ̀. Mo ti gbé ọwọ́ débẹ̀ rí, mo sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. Mi ò mọ ohun tí ìyá mi fọwọ́ kàn níbẹ̀.